Ilẹ̀kùn Tí Mo Ṣí

Tí n kò bá kà á fún un ńkọ́? Ta ni yóò mọ̀? Èmi nìkan lojú mi ń ríran nínú ilé yìí báyìí. Tí mo bá ní kò sí ọ̀rọ̀ tuntun lónìí, kò sí ọ̀rọ̀ tuntun nìyẹn. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà… Ẹ jẹ́ kí n gbé omi kaná ná. Ọkọ mi ti jókòó sí pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí, ó na etí, ó ń retí kí n wá ka èrò àwọn òǹkàwé fún òun bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́sàn-án. Èmi rèé nílé ìdáná, fóònù lọ́wọ́.

Gbólóhùn márùn-ún péré. Ẹni náà ò tiẹ̀ kọ orúkọ gidi, ó kàn pe ara rẹ̀ ní Ológun Àtijọ́. Ó fún ìwé tí ọkọ mi kọ ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ó ní: "Mo gbádùn ìwé yìí títí mo fi dé ibi ilẹ̀kùn. Mo ti wà lẹ́yìn irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣí. Ẹni tó kọ ìwé yìí mọ̀ pé kì í ṣí. Ta ló wá ń parọ́ fún?"

Ta ló ń parọ́ fún…

Ó yẹ kí n bínú. Mo fẹ́ bínú. Ìwọ Ológun Àtijọ́ yìí, ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Ìtàn àròsọ ni, jàre! Àwọn ọmọ ogun tó ń wa ọkọ̀ láàárín ìràwọ̀, tí wọ́n ń bá àwọn abàmì ẹ̀dá eléèpo irin jà — òótọ́ wo lo ń wá níbẹ̀? Àwọn yòókù ò ṣe báyìí. Ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tí ọta ìbọn wọn ò tán láti orí kìíní dé orí kejìlá. Ẹlòmíì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ̀ nínú aṣọ òfúrufú. Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Akọ̀wé," ó ní, "sọ fún un pé wọ́n ń mú un mọ́ra, bí àwa náà ṣe mú un mọ́ra!" Akọ̀wé ló ń pè mí, nítorí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́. Èmi náà ń pè é ní Ọ̀gágun. Ọ̀gágun wo? Sájẹ́ǹtì ni, ìdí ẹ̀rọ tí àwọn ológun fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ló sì jókòó sí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yìí gan-an ni gbogbo wọn ń sọ, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Nínú òǹkàwé mẹ́tàlélógójì tó ti sọ èrò wọn nípa ìwé yẹn, ó kéré tán ọgbọ̀n ló dárúkọ ilẹ̀kùn. "Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, mo pariwo nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo èèyàn yíjú wò mí." "Ibẹ̀ ni mo ti sunkún ayọ̀." Olùkọ́ kan ní òun kà á sókè fún kíláàsì òun, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. N kò ka ọ̀kankan nínú rẹ̀ fún un rí. Èyí tó dáa, èyí tí ò dáa, mo fo gbogbo rẹ̀. Tí mo bá ti rí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn lọ́ọ̀ọ́kán, màá wúkọ́, màá sáré bọ́ sórí ẹni tó ń béèrè ọta ìbọn. Nítorí pé ọkọ mi ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà ṣí. Lọ́kàn tirẹ̀, títì ló ṣì wà.

Èmi ni mo ṣí i.

Ojoojúmọ́ ló ń béèrè. Tí mo bá kà tán tí mo gbé fóònù sílẹ̀, á máa fọwọ́ pa apá àga. "Akọ̀wé, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀kùn?" Èmi á ní, "Kò sí o, Ọ̀gágun." Á ní, "Ó dáa." Oṣù mẹ́ta rèé. Mo máa ń sọ ọ́ nínú ara mi pé ẹ wo bàbá yìí tí ìyìn ò tó. Kí ló tún kù? Wọ́n yìn ọ́ nítorí ogun, wọ́n yìn ọ́ nítorí àwàdà, ìyìn ilẹ̀kùn lo tún ń wá bí ọmọdé… Bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn. Ó rọrùn láti rò ó bẹ́ẹ̀.

Omi ò tíì hó. Ó dáa. Kó má tíì hó.

Bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà ò le. Láti ìgbà tí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti gba ojú rẹ̀, ẹnu ló fi ń kọ̀wé. Láàárọ̀, á gbé agbohùnsílẹ̀ kékeré yẹn sórí itan, á máa sọ̀rọ̀ sí i. Lọ́sàn-án, èmi á fi nǹkan bọ etí gbọ́ ọ, màá tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá kà á padà fún un, á máa tún un ṣe. "Rárá, Akọ̀wé, ọmọ ogun kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Gé e kúrú." Orí kan ò bọ́ nínú rẹ̀, àfi orí kọkànlá. Lọ́jọ́ tó sọ orí kọkànlá, ó gbá mi lọ́wọ́ mú kí n tó gbé agbohùnsílẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. "Èyí, má kà á padà fún mi. Tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́." Ó wá yíjú sí ògiri. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Mo wọ yàrá, mo fi nǹkan bọ etí.

Nínú ìtàn náà, ọ̀gá ọkọ̀ wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú èèyàn mọ́kànlá. Àwọn ọ̀tá ti dé tòsí. Èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù nínú wọn ṣì wà níta, ó ń sáré bọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá dúró dè é, gbogbo wọn ló máa kú. Ọmọ náà dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó kàn án. Ohùn ọkọ mi dákẹ́ níbẹ̀. Kò ní "ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin" bí àwọn tó ń sọ ìtàn ṣe ń sọ ọ́. Ó kàn án fúnra rẹ̀. Ó fi eegun ìka kan apá àga rẹ̀. Kó-kó. Ó dúró. Kó.

Ọwọ́ mi dá lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kanlẹ̀kùn báyẹn láyé mi. Àbúrò mi ni. Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pè é, ó ga débi pé ó gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọ ilé wa. Láti kékeré ló ti ń kan ilẹ̀kùn yàrá mi bẹ́ẹ̀ — méjì, á dúró, ọ̀kan — kí n lè mọ̀ pé òun ni, kì í ṣe bàbá wa. Ó dàgbà, kò yí i padà. Nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun, èmi ni mo bẹ ọkọ mi pé kó gbà á sí ẹgbẹ́ tirẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó o." Èmi yìí. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí ọkọ mi dá wálé láìsí i. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò lè wọlé. "Ìbọn kan ṣoṣo ni. Kò mọ̀ ọ́n lára. Ó ti lọ kó tó balẹ̀." Mo di gbólóhùn mẹ́ta yẹn mú. Mo fi sùn, mo fi jí. Tí ẹkún bá fẹ́ pa mí, màá ní ó ṣáà dáa, kò mọ̀ ọ́n lára, ó ṣáà dáa…

Lẹ́ẹ̀mẹ́fà ló kàn án nínú agbohùnsílẹ̀ yẹn. Mo kà á. Mo dá a padà, mo tún kà á. Ìgbà kẹfà ò pé. Kó-kó, ó dúró… kò sí ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi ní, "Ọkọ̀ náà gbéra. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́." Orí kọkànlá parí síbẹ̀.

Kí ni kí n ṣe? Kí ni ẹnikẹ́ni ì bá ṣe? Ọwọ́ mi ni ọwọ́ tí wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ débi tó ti kàn án lẹ́ẹ̀kẹfà. Ibẹ̀ ni mo ti yà. Mo kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn náà ṣí. Mo kọ ọ́ pé ọwọ́ gígùn kan nà wọlé, ọ̀gá ọkọ̀ gbá a mú, ó fà á. Mo jẹ́ kó tẹrí ba kó tó wọlé. Ọlọ́run mi, mo jẹ́ kó tẹrí ba! Mo sunkún lórí kọ̀ǹpútà yẹn bí ẹni tí èèyàn rẹ̀ ti ìrìn àjò dé. A fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn ọmọ kíláàsì kan pàtẹ́wọ́ fún un. Àbúrò mi wà láàyè nínú ìwé, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí sì ń yọ̀ pé kò kú. Ṣé èyí náà burú?

Mo ń sọ fún ara mi pé ìtàn àròsọ ni. Pé ọkọ̀ òfúrufú kì í ṣe ọkọ̀ ogun onírin. Pé bàbá yìí kàn rántí bí ọmọ yẹn ṣe ń kanlẹ̀kùn ni, ó fi dárà sínú ìwé. Mo mọ̀. Mo mọ̀, mo ń díbọ́n. Láti ọjọ́ orí kọkànlá yẹn, oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti ń kán oògùn sí i lójú, tí mò ń gé èékánná rẹ̀, tí mo bá dé orí ìka tó fi kan àga yẹn, ọwọ́ mi á le díẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Akọ̀wé, ó dùn mí." Mo ní, "Ẹ má bínú." N kò tọrọ àforíjì dénú.

Omi ti ń hó. Kó máa hó.

Ta ló ń parọ́ fún? Ológun Àtijọ́, èmi ni mo parọ́, kì í ṣe òun. Òun ò parọ́ rárá nínú orí yẹn. Ibi tó ti sọ òótọ́ lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún nìyẹn, mo sì… Dúró ná.

Dúró.

Nítorí kí ló fi kan àga?

Ẹni tó ń sọ ìtàn, tó mọ̀ pé wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, kí ló fẹ́ fi ìró ṣe? Òǹkàwé wo ló máa gbọ́ ọ? Ìró ò ṣeé tẹ̀. Èèyàn kan ṣoṣo ni ìró yẹn lè dé etí rẹ̀, ẹni tó máa fi nǹkan bọ etí. Ó mọ̀. Ó mọ bí àbúrò mi ṣe ń kanlẹ̀kùn, ó sì mọ̀ pé èmi náà mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra, ó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní tí èèyàn bá ti ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yẹn, kò gbọdọ̀ dìde kúrò nídìí rẹ̀ títí ẹni tó wà lódì kejì á fi sọ pé, "Mo gbọ́." Mo bi í pé tí ẹni yẹn ò bá dáhùn ńkọ́? Ó ní, "A tún un rán. À ń tún un rán títí ni."

"Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀kùn?"

Lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko. Èmi sì ń pè é ní ẹni tó ń wá ìyìn.

Ọjọ́ yẹn… ọjọ́ orí kọkànlá. Mo nu ojú mi, mo jáde ní yàrá. Kò tíì kúrò níbi tí mo fi í sí, ó ṣì kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ le. "O ti tẹ̀ ẹ́ tán?" Mo ní mo ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ó dúró. Ó dúró pẹ́. Mo wá ní, "Ṣé kí n gbé oúnjẹ wá?" Áà! Oúnjẹ! Ọkùnrin náà fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ fún mi, mo bi í bóyá ebi ń pa á.

Ó ń pè mí láti pálọ̀. "Akọ̀wé, ṣé kò sí ọ̀rọ̀ lónìí ni?"

Mo pa iná. Mo gbé fóònù sílẹ̀ sórí tábìlì, n kò nílò rẹ̀. Tí mo bá sọ fún un pé mo gbọ́, ilẹ̀kùn yẹn á tì padà. Àbúrò mi á tún wà níta, á mọ̀ ọ́n lára, á pẹ́ kó tó kú, kò ní sí gbólóhùn mẹ́ta kankan tí màá dì mú mọ́. Tí n kò bá sì sọ ọ́, bàbá tó fọ́jú yìí á jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ títí á fi kú. N kò mọ̀ bóyá mo lè dárí jì í. Inú ń bí mi. Inú ń bí mi gan-an, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Ó yí ara díẹ̀, ó ń fọwọ́ pa apá àga, ó fẹ́ béèrè.

Mo gbé ọwọ́ sókè, mo fi eegun ìka kan férémù ilẹ̀kùn. Méjì. Mo dúró. Mo kan ẹ̀kẹta.

Ọwọ́ rẹ̀ dá dúró lórí àga. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò lórí àpótí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì tẹrí ba.