Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọn Ò Gbà

"Ìyàwó, mo tún bá ọmọ mi lórí àga láàárọ̀ yìí."

Aránṣọ náà ò gbójú sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, aṣọ iléèwé tí oníbàárà ń retí wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, àìsùn sì ti mú ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú tí ata ta sí. "Ẹ káàárọ̀, Màámi," ó dá ìyá ọkọ rẹ̀ lóhùn.

"N ò bá ẹ sọ ti káàárọ̀. Kí lọmọ mi ṣe tó o fi lé e jáde ní yàrá?"

"Mi ò lé e, Màámi. Òun ló lé ara rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀gá tó kọ́ ọkọ rẹ̀ níṣẹ́ káfíńtà, ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọjú pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, wọ́n ní àwọn ò lè lò ó: kòkòrò hẹpatáítíìsì B, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkùnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ti di àlejò nílé ara rẹ̀. Ó ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì lọ ń sùn sórí àga pálọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta bí igi tó gùn ju ọkọ̀ tó rù ú lọ. Ohun tó sọ fún ìyá rẹ̀ ò ju pé ẹ̀dọ̀ òun ní àrùn tó ń ranni.

Ìyàwó ti lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní àrùn ò sí lára rẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tó ń dáàbò bò ó náà. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, ó ku méjì. "Ẹ lè jọ jẹun, ẹ lè jọ mumi," nọ́ọ̀sì ní. "Inú ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ló ti ń ranni. Ẹ má jọ lo abẹ, kẹ́ ẹ sì máa lo rọ́bà ìdáàbòbò títí abẹ́rẹ́ yín á fi pé." Ibo wá ni ọkọ òun ti kó o? Nọ́ọ̀sì ní ta ló lè mọ̀: ó lè jẹ́ abẹ onígbàjámọ̀, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i.

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. "Jọ̀ọ́," ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, "má jẹ́ kí Màámi gbọ́ èyí tó o sọ kẹ́yìn yẹn."

Láàárọ̀ yìí, Màámi ò tíì sinmi. "Kò sírú àrùn bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ìwọ lò ń fi téèpù wọn gbogbo ayé, tó ò ń fi abẹ́rẹ́ ṣeré. Ta ló mọ ẹni tó o ti kó o lára, tó o wá kó o ran ọmọ ọlọ́mọ?"

Ẹ̀rọ dúró. Iṣẹ́ ti sú aránṣọ, àánú ti sú u, ìdákẹ́jẹ́ gan-an ti sú u. Gbólóhùn kan péré ló máa fi pa ìyá yìí lẹ́nu mọ́, ó sì ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó gé òwú.

"Kò sí lára mi, Màámi. Mò ń lọ gba abẹ́rẹ́ kejì lónìí."

"Èmi náà á bá ọ lọ. Etí mi ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ."

Ní ilé ìwòsàn, Màámi ò tiẹ̀ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ṣí abẹ́rẹ́ tán. "Nọ́ọ̀sì, ta ló kó àrùn yìí ran ọmọ mi?"

Aránṣọ ṣẹ́jú sí nọ́ọ̀sì pé kó má sọ ọ́, àmọ́ òwú tó fẹ́ fi nu apá rẹ̀ ni ìyẹn ń wò.

"Kì í ṣe ìyàwó yín, Màmá. Kò sí lára wọn. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti ṣe àyẹ̀wò rí?"

"Èmi? Nítorí kí ni?"

"Ìyá lè ní in láìmọ̀, kó sì ran ọmọ lọ́jọ́ ìbí. Gbogbo ẹbí ló yẹ kó ṣe é."

Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde. Màámi rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ọmọ tí mo bí tẹ̀ lé e," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "èyí tó kú. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, inú rẹ̀ wú. Wọ́n ní ayé ló ṣe é." Ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "O mọ̀?"

"Ọkọ mi ló ní kí n má sọ, Màámi."

"Nígbà tí mò ń bú ẹ láàárọ̀ yìí, o mọ̀?"

Aránṣọ fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ó ti rẹ̀ yín."

"Kò rẹ̀ mí tó ìwọ." Màámi ò dìde. Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè. "Nọ́ọ̀sì, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ tèmi náà."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì so okùn rọ́bà mọ́ ọn lápá, ìyá àgbà náà yíjú sí ògiri, ó dijú, ó sì na ọwọ́ kejì sẹ́yìn láìwo ibi tó nà án sí. Aránṣọ dì í mú.