Òwú Pupa Lára Aṣọ Ibùsùn

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ jókòó kí n lè rí ojú yín. Ìtàn yìí ò wúwo, ẹ̀rín ló pọ̀ nínú ẹ̀.

Obìnrin alágbàfọ̀ kan wà, Ohùn Oyin ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń dá orin tí wọ́n fi ń ká aṣọ ibùsùn ọsibítù. Ẹni méjì ló ń ká a: ìwọ mú etí kan, èmi mú èkejì, a pàdé láàárín. Ọdún mẹ́wàá ni òun àti Tẹ́ẹ́rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi pàdé láàárín.

Ni ikọ́ ife bá dá Ohùn Oyin wólẹ̀. Ó lo oògùn oṣù mẹ́fà, ó lò ó tán, dókítà sì kọ ọ́ síwèé pé ó ti san, kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ijó ló jó débi iṣẹ́. Àfi bí kò ṣe sẹ́ni tó fẹ́ mú etí aṣọ kejì, títí kan Tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tilẹ̀ ya kọ́ọ̀pù rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó so etí aṣọ mọ́ ìṣó ojú fèrèsé, ó já bọ́. Ó tún un so, ó tún já bọ́. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn ní bí kò bá rí ẹni bá a ká aṣọ kó tó di ọ̀sán, kó kúkú máa lọ ilé.

Ó fa aṣọ mìíràn yọ, ó rí òwú pupa níbi tí wọ́n ti rán ojú yíya, ó bá bú sẹ́rìn-ín.

"Tẹ́ẹ́rẹ́, ta ló rán eléyìí?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ ní ta ni ì bá tún fi òwú pupa rán aṣọ funfun, bí kò ṣe òun olójú bàìbàì.

"Orí ẹ̀ ni mo sùn ní ọsibítù nígbà àìsàn. Tára bá ń ni mí, màá fìka wá òwú yìí, màá ní ọ̀rẹ́ mi wà níbí. Ìwọ lo sì ń fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé ikọ́ mú ẹ?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. "Kò mú mi," ló wí. "Agọ̀ ló mú mi." Ó bá mú etí aṣọ kejì.

Orin sọ:

*Ká a sí méjì, ká a sí mẹ́rin,*
*Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún,*
*Ọwọ́ wa mọ́ o, ó mọ́ tónítóní.*

Kó tó di ọ̀sán, aṣọ ti ga kan àjà, ọ̀gá náà ti ń mi èjìká. Tẹ́ẹ́rẹ́ fi kọ́ọ̀pù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ bu omi mu, ó ní omi rẹ̀ ló tutù jù. Ni gbogbo wọn bá ń jà du kọ́ọ̀pù náà. Ọ̀gá ra ìrẹsì, wọ́n jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan ṣoṣo, oníkálukú fi ikùn síwájú, ó gba ilé lọ.