Eyín Gbénimì àti Ìjàlọ Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n

Eléyín kò fẹ́ràn ohun tó bá kéré. Ọkùnrin tó jẹ́ pé eyín àtọwọ́dá ló ń gbẹ́ jẹun, eyín tí kò tóbi ju èékánná ọmọ tí wọ́n bí lánàá lọ, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ogun orí tábìlì, eré tí wọ́n ń fi ère òjé jà, òmìrán nìkan ló ń bá ṣe. Òmìrán mẹ́ta ló ní, ọdún méjì gbáko ló sì fi ṣe wọn. Ó fi pílásítà ṣe mọ́ọ̀dù wọn, ó fi òjé rọ wọ́n, ó wá fi fáìlì tó fi ń dán eyín àwọn arúgbó dán wọn títí eṣinṣin fi ń yọ̀ ṣubú lórí wọn. Ó pe ìkínní ní Fọ́nimọ́lẹ̀, ó pe ìkejì ní Tẹnimọ́lẹ̀. Àgbà gbogbo wọn ni Gbénimì. Gbénimì ga láti orí ìka àárín dé ọrùn ọwọ́, ẹnu rẹ̀ là gbàǹgbà bí ilẹ̀kùn gáréèjì, eyín aláwọ̀ wúrà kan ṣoṣo ló sì ń tàn nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e ka orí tábìlì, àwọn ará ilé kẹta á dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì pé kí ló bú gbàmù yẹn.

Ọ̀sán Sátidé ni òun àti àwọn ará àdúgbò máa ń jagun, nínú ṣọ́ọ̀bù Eléyín, lórí tábìlì tó fi ń ṣiṣẹ́. Ogójì eyín àtọwọ́dá ló tò sórí pẹpẹ, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín láìní ẹnu. Òfin wọn kò le. Àpapọ̀ àwọn ọmọ ogun ẹnì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ọgọ́rùn-ún máàkì lọ. Òmìrán kan, máàkì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọmọ ogun wẹ́wẹ́ kan, máàkì márùn-ún. Ṣé alágbára díẹ̀ lo fẹ́ ni, àbí ọ̀lẹ rẹpẹtẹ? Ọwọ́ ẹ ló wà. Mo sún ọ̀kan, ìwọ náà sún ọ̀kan; ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ń sún nínú ìyípo kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tán, kó ká ọwọ́ lẹ́rán kí ẹnìkejì sún ìyókù.

Òfin kan ló burú nínú gbogbo rẹ̀, Eléyín fúnra rẹ̀ ló sì gbé e wá. Ohun tó bá kú lórí tábìlì, ó kú nìyẹn. Ẹni tó ni ín ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sínú ìkòkò òjé tó ń hó lórí iná gáàsì.

“Ogun tí kò bá dun èèyàn, eré ọmọdé ni,” ni Eléyín máa ń wí.

Ọjọ́ tí télọ̀ àdúgbò ju ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sínú ìkòkò náà, ẹlẹ́ṣin tó fi oṣù márùn-ún rán aṣọ sí lọ́rùn, omijé télọ̀ pọ̀ débi pé ó fẹ́ẹ̀ pa iná. Eléyín mú eyín àtọwọ́dá méjì lórí pẹpẹ, ó ń fi wọ́n pàtẹ́wọ́: kà-kà-kà-kà! Télọ̀ kò padà wá mọ́.

Ẹni tó kù tó ń bá a jà ni fọkanáísà kan tí wọ́n ń pè ní Táyà. Òjé tí wọ́n ń kàn mọ́ wíìlì mọ́tò ni Táyà fi ń rọ ọmọ ogun tirẹ̀, Ọlọ́run ló sì mọ irú ojú tó fi ń rọ ọ́. Òmíràn kò lórí, òmíràn ní méjì. Gbogbo wọn rí bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ìjàlọ ló ń pè wọ́n. Tí wọ́n bá kú, á jù wọ́n sínú ìkòkò bí ẹni ń ju iyọ̀ sọ́bẹ̀. Tó bá di Sátidé kejì, á ti fi òjé kan náà rọ òmíràn.

Ogún ìjàlọ ni ọgọ́rùn-ún máàkì lè gbé. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ni àwọn òmìrán fi ń tẹ ogún ìjàlọ náà pa. Ó wá sú Eléyín. Ó ní kí wọ́n dín iye ìjàlọ kọ̀ọ̀kan kù sí máàkì mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ló ń ṣe rẹfirí fún wọn, òun ló sì ń kọ òfin sínú ìwé. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Tíṣà, àfi àbúrò rẹ̀. Ó gbé bírò sókè.

“Ṣé o ṣírò rẹ̀ dáadáa? Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n máa dà.”

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ tí a fi ń tẹ èèrà kan, òun náà la fi ń tẹ igba. Mo fẹ́ kí wọ́n pọ̀ kí n lè rí nǹkan tẹ̀ ni!”

Táyà wo ilẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ti dín in jù. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́rin.”

“Mẹ́ta! Àánú ẹ ló ń ṣe mí.”

Tíṣà kọ mẹ́ta.

Ohun kan wà tí Tíṣà àti Táyà kò mọ̀. Eyín ẹnu Gbénimì, gbogbo ayé rò pé ọ̀dà ni. Kì í ṣe ọ̀dà. Eyín wúrà ìyá Eléyín àti Tíṣà ni. Kí ìyá náà tó kú, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ nǹkan kan lára òun. Ṣùgbọ́n Eléyín ló gbé aṣọ lọ sí mọ́ṣúárì, ẹ̀mú rẹ̀ sì wà nínú àpò. Ó yọ ọ́. Ó ti fi ike ṣe òmíràn sílẹ̀, ó kùn ún ní àwọ̀ wúrà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ó sì bá a mu régí. Nídìí pósí, Tíṣà wo ẹnu ìyá rẹ̀, ó ní, “Ẹ wo bí eyín ìyá mi ṣe ń tàn.” Eléyín ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ma.”

Sátidé tí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ dé. Táyà da agolo mílíìkì kan sórí tábìlì, ìjàlọ ya jáde bí omi. Eléyín sún Fọ́nimọ́lẹ̀, ó tẹ ọ̀kan pa. Táyà sún ìjàlọ kan. Eléyín sún Tẹnimọ́lẹ̀, ìjàlọ kan kú. Táyà sún òmíràn. Gbénimì náà sún, ó gbé tirẹ̀ mì. Táyà sún ìkẹta.

“Tèmi tán,” ni Eléyín wí. Ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́.

“Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀, sà,” ni Táyà wí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó sún ọ̀kan, ó sún ọ̀kan, ó sún ọ̀kan. Eléyín hu irùngbọ̀n tuntun níbi tó jókòó sí. Òmìrán mẹ́ta rẹ̀ dúró sójú kan bí òpó iná, wọn kò lè sún mọ́, wọn kò lè jà mọ́, àwọn ìjàlọ sì ń gùn wọ́n láti iwájú, láti ẹ̀yìn, lábẹ́ abíyá. Ìjàlọ kan, dáìsì kan. Èyí tó bá mú mẹ́fà, ẹ̀mí kan lọ nínú mẹ́wàá tí òmìrán ní. Táyà kó ọgbọ̀n dáìsì sínú ọwọ́ méjèèjì, ó dà wọ́n sílẹ̀, ariwo rẹ̀ bí òjò yìnyín lórí páànù.

“Mẹ́fà márùn-ún,” ni Tíṣà kà. “Fọ́nimọ́lẹ̀ ku márùn-ún.”

Nígbà tó tún kan Táyà, Fọ́nimọ́lẹ̀ kú. Eléyín gbé e lọ sídìí ìkòkò. Oṣù mẹ́jọ ló fi gbẹ́ ẹ. Kó tó mí kanlẹ̀, òjé ti gbé e mì. Tẹnimọ́lẹ̀ tẹ̀lé e. Ìgbà tó di pé Gbénimì nìkan ló kù, méjìlélógún ìjàlọ ló rọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀mí méjì péré ló sì kù lára rẹ̀.

Òógùn bo Eléyín. “Táyà, àbúrò mi. Ó ti rẹ̀ mí. Jẹ́ ká kà á sí ọ̀mì.”

“Kò tíì rẹ àwọn ìjàlọ, sà.”

“Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́!”

“Télọ̀ náà bẹ̀ yín,” ni Táyà wí. Ó da dáìsì sílẹ̀.

“Mẹ́fà mẹ́rin,” ni Tíṣà wí. “Ó ti kú. Gbé e lọ sídìí ìkòkò.”

Eléyín gbé Gbénimì, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó rọra fa dúróọ̀ tábìlì ṣí, ó mú ẹ̀mú.

“Kí lò ń fi ẹ̀mú ṣe?” ni Tíṣà bi í.

“Kò sí, ma. Ọ̀dà ẹnu rẹ̀ ni. Ó máa ń rùn nínú iná.”

“Gbé e wá.”

Ohùn tó fi ń dá kíláàsì olórí kunkun dúró ló fi sọ ọ́. Eléyín gbé e wá. Tíṣà wọ awò ojú, ó yí òmìrán náà sí ìmọ́lẹ̀ wíńdò, ó fi èékánná tọ́ ẹ̀gbẹ́ eyín náà níbi tó ti gé wẹ́lẹ́. Ìyá wọn a máa fi eyín ṣí ìdérí ìgò. Ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀. Òjé inú ìkòkò ń hó bí ọkọ̀ ojú irin.

“Kí wá ni mo rí lẹ́nu ìyá mi nínú pósí?”

“Èmi ni mo ṣe é, ma. Ike ni.”

“Ike.”

“Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá mọ́ o,” ni Táyà wí.

Eléyín kúnlẹ̀. “Mo fẹ́ máa rí ẹ̀rín màmá wa ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ìwọ nìkan?”

“Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ fún yín. Ẹ mú un lọ, ẹ má dá a padà láéláé. Tí wúrà bá kan òjé gbígbóná, ó máa yọ́ mọ́ ọn bí iyọ̀ nínú omi ni. Ọwọ́ èèyàn ò lè tún yọ ọ́.”

“Mo gbọ́.” Tíṣà ṣí ìwé òfin. Ó kà á bí ẹni tó ń ka àpèkọ: “Ohun tó bá kú lórí tábìlì, ó kú nìyẹn. Ẹni tó ni ín ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sínú ìkòkò.” Ó na Gbénimì sí i. “Ọwọ́ ara rẹ. Àbí n kò kà á dáadáa?”

Eléyín wo ojú rẹ̀ bóyá á rí ibi tó rọ̀. Kò rí. Ó dìde, ó ki Gbénimì bọ inú ìkòkò láti ẹsẹ̀. Orúnkún lọ, ikùn lọ, àyà lọ. Ẹnu ló kẹ́yìn. Eyín náà léfòó díẹ̀, ó tàn yanran lójú òjé bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì lọ.

“Po òjé náà pọ̀,” ni Tíṣà wí fún Táyà. Nígbà tó ti pò ó pọ̀ dáadáa, Tíṣà fi awò rẹ̀ sínú báàgì, ó jáde. Kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

Táyà fi síbí bu òjé.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di mọ́ọ̀dù yìí mú. Ọwọ́ mi ò tó.”

Eléyín dì í mú. Ìjàlọ mẹ́tàlá jáde nínú òjé tí Gbénimì yọ́ sí, mẹ́ta kò lórí. Eléyín mú ọ̀kan, ó gbé e sí wíńdò bóyá á rí wúrà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó mú òmíràn. Gbogbo wọn dúdú bí èédú.

“Fún mi ní ọ̀kan,” ló wí.

“Èwo, sà?”

Eléyín nawọ́ sí ọ̀kan, ó tún nawọ́ sí òmíràn.

“Máàkì mẹ́ta péré ni ọ̀kan,” ni Táyà wí. “Ẹ̀yin lẹ dá iye lé e.” Ó rọra gba ti ọwọ́ rẹ̀, ó kó gbogbo wọn sínú agolo mọ́ àwọn tó wà níbẹ̀, ó dé e, ó sì mì ín jìgìjìgì kí wọ́n lè dàpọ̀ dáadáa.