Fọ́ọ̀mù Tí Mo Fọwọ́ Sí

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí èmi Màsúdát ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin, èmi sì ni sístà tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Nígbà kan, nọ́ọ̀sì mẹ́fà la máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀. Ní báyìí, èmi àti ẹnì kan ṣoṣo ló kù fún aláìsàn méjìlélọ́gbọ̀n. Àwọn yòókù ti jápa, fọ́tò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi.

Ẹnì kan ṣoṣo yẹn ni Nusaybah, ọmọ Ọjà-Ọba, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́. Bọ́sẹ̀dé, mátírọ́ọ̀nù àgbà wa, fà á lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì fún mi ní fọ́ọ̀mù kan. Ogún nǹkan ló wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ti kọ́ ọ ní ọ̀kan, kí n fọwọ́ sí iwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí a tó fún aláìsàn lóògùn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ, kí a fi wé ti inú ìwé rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo jókòó tí mo fọwọ́ sí gbogbo ogún lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè jẹ́ kí n rímú mí. Mo ní bí àyè bá yọ, màá kọ́ ọ. Àyè wo?

Ọmọ náà tiẹ̀ bi mí. Lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó dúró níwájú ìyá arúgbó kan, ó ní ṣé kí òun ní kí wọ́n dárúkọ. Inú bí mi. Mo ní irú ẹ̀kọ́ ilé wo nìyẹn, ṣé ìyá tó bí ìyá ẹ̀ ló fẹ́ máa bi léèrè orúkọ bí ọlọ́pàá? Àlájà ni kó pè wọ́n, kó sì máa wo nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì. Bí èmi náà ṣe ń ṣe é látọjọ́ tó pẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, fáànù orí bẹ́ẹ̀dì keje kọṣẹ́. Ooru ń mú Àlájà tó wà níbẹ̀, èyí tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Àlájà bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án ní fáànù tòun ń mú kí òtútù mú òun. Àwọn ìyá méjèèjì bára wọn sọ ọ́, wọ́n pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nusaybah gbé abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà dé bẹ́ẹ̀dì keje, ó kí Àlájà, Àlájà dá a lóhùn, ó gún un.

Kò pẹ́ tí òógùn fi bo ìyá náà tí ojú ẹ̀ sì yí. A fi omi ṣúgà sí i lára, a ń pe orúkọ Ọlọ́run. Kí wọ́n tó pe ìrun Àílà ọ̀sán, ó ti lajú. Alhamdulillah.

Ọ̀gá dókítà wá bínú sí dókítà kejì, dókítà kejì bínú sí dókítà kékeré, dókítà kékeré yíjú sí mi. Lẹ́yìn mi, Nusaybah ló kù, kò sì sẹ́ni lẹ́yìn tiẹ̀.

Lánàá ni mátírọ́ọ̀nù pe àwa méjèèjì. Ó ti tẹ lẹ́tà tí wọ́n fi máa lé Nusaybah lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá gba lẹ́tà yẹn, kò sílé ìwòsàn tó máa gbà á mọ́. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù mi síwájú wa, ó ní bí wọ́n bá ti kọ́ ọ tí kò ṣe é, ẹ̀bi ẹ̀ ni.

“Ṣé Sístà kọ́ ẹ?”

Nusaybah kúnlẹ̀. “Wọ́n kọ́ mi, mà. Èmi ni mo gbàgbé.”

Ara tù mí. Mi ò ní purọ́, ara tù mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú bò mí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo jẹ́ kí orí ọmọ wọ́.

“Ó ń bo àṣírí mi ni,” mo ní. “Mi ò kọ́ ọ. Ó béèrè, mo sì ní kó má ṣe é.”

Mátírọ́ọ̀nù ò pariwo. Ó mú lẹ́tà Nusaybah, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀. Ó wo ìbuwọ́lù mi títí, ó wá bi mí pé irú fọ́ọ̀mù yìí mélòó ni mo ti fọwọ́ sí báyìí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tí mo ti fọwọ́ sí tiwọn bẹ́ẹ̀ láìkọ́ wọn ṣáájú Nusaybah, mo kà dé mọ́kànlá. Méje ti wà lókè òkun. Mẹ́rin ṣì wà pẹ̀lú wa, ní wọ́ọ̀dù mẹ́rin, aago méjì sì ti lù, wọ́n ti ń pín abẹ́rẹ́ ọ̀sán.