Wọ́n Ta Ijó Àlàó

"Fìlà yẹn ò ṣe nǹkan kan fún un," ni Mujeeb wí.

Mo ní ó ń ṣe nǹkan, ó ń jẹ́ kí orí ẹ̀ jọ orí èèyàn. Ó ní ó ń dín eré ẹsẹ̀ ẹ̀ kù. Mo ní ta ló ń lé e? Bá a ṣe ń jà nìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù Àǹtí Shukurat l'Agbowó, nítorí fìlà tí kì í ṣe fìlà gidi, lórí ọkùnrin tí kì í ṣe ọkùnrin gidi.

Àlàó la sọ ọ́. Èmi àti Mujeeb la jọ ni ín, a ti ń tọ́ ọ láti ìgbà tí ò lè pa ẹ̀fọn. Alágbẹ̀dẹ kan wà nínú géèmù náà tó máa ń ra ohun tó ò bá nílò, agbára ló fi ń san án. Mujeeb ti ta bàtà Àlàó. Ó ti ta ẹ̀rín ẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo dé, mi ò rí òjìji ẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Mujeeb ní ó ń wúwo.

Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kàn ni ijó. Tí Àlàó bá ti borí, á ká apá, á fi ìdí jó díẹ̀, bí ọkọ ìyàwó tó ti mu yó. Tìtorí ijó yẹn ni mo ṣe ń wá. Bí kì í bá ṣe ti ijó, tó bá jẹ́ pé kí n ṣáà máa wo ẹni tó ń lu ẹni ni, ó wà ní gáréèjì Challenge, ọ̀fẹ́ ni.

Mo jáde lọ ra omi. Kí n tó dé, ó ti ta fìlà, ó ti ta ijó. Agbára kún dẹ́nu. Àlàó wọ ogun, gbogbo ọ̀tá ti kú kí Mujeeb tó tẹ bọ́tìnì kankan. Ó wá dúró. Kò jó. Ó yíjú sí wa.

"Dá ijó ẹ̀ padà," mo ní.

"Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ṣó ò rí i pé ó ti pé ni?"

Alágbẹ̀dẹ tún yọ, ó bi wá pé kí ló kù tá ò nílò. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó kọ síbẹ̀: ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì. Mo ní kí Mujeeb pa tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ̀rù ti ń bà mí. Kò wò mí. Ó ní òótọ́ kúkú ni, àwa la ń fa Àlàó sẹ́yìn látọjọ́ yìí. Ló bá tẹ̀ ẹ́.

Páàdì tí bọ́tìnì wà lára ẹ̀ kú lọ́wọ́ Mujeeb. Àlàó jókòó sílẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, ó kó ọwọ́ méjèèjì síwájú àyà, àtàǹpàkò ẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó di nǹkan mú.

Mujeeb dìde. "Mo borí ẹ," ó ní. "Kò nílò wa mọ́. Ṣé kì í ṣe ohun tí mò ń sọ nìyẹn?"

Àǹtí Shukurat bi í pé ibo ló ń lọ. Ó gba ojú títì lọ tààrà, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè, òun ń sọ fún ara ẹ̀ pé òun ló borí. Ìgbàkígbà tí àtàǹpàkò Àlàó bá ti tẹ̀, ẹsẹ̀ Mujeeb á gbéra.