Ẹlẹ́rìí Ìrun Bàbá Mi

Ẹ̀gbọ́n mi Kàbírù kì í pè mí lórí fóònù àfi tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Lọ́jọ́ tó pè mí ní Sokodé, kí n tó gbé e ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Bàbá ni.

"Jàríátù, wálé. Ìrun ni Bàbá fẹ́ fi pa ara rẹ̀."

Ìgbàgbé ti mú Bàbá. Yóò kí Àìlà, ìrun ọ̀sán, tán, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa béèrè bóyá òun ti kí i. Tí wọ́n bá ní ó ti kí i, kò ní gbà. Yóò dìde, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti wú, oúnjẹ ọ̀sán a sì máa di ti alẹ́. Ẹ̀bi Kàbírù náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń kánjú gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Tchamba, ó ní Bàbá ti kí Àlàásárì, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì pe ìrun rárá. Wọ́n ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a; ti Kàbírù kò tilẹ̀ dé Tchamba tí ìpè ìrun fi bá a lójú ọ̀nà. Ìgbàgbé tó ń kó gbogbo nǹkan lọ kò rí ìyẹn kó. Bàbá kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú ilé mọ́.

"Àmọ́ má sún mọ́ ibi ìrun rẹ̀ o," ni Kàbírù fi kún un. "O mọ ara rẹ."

Mo mọ ara mi. N kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ mí, ẹnikẹ́ni kò kú mọ́ mi lọ́wọ́. Aṣọ ni mò ń rán ní àdúgbò Komah ní Sokodé, ẹ̀rọ ìránṣọ a sì máa fún èèyàn láyè láti ronú. Mo ronú títí, mo wá rí i pé tí mo bá ń gbàdúrà, ara mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó dùn mí gan-an. Mọ́ṣáláṣí yí atẹlíè tí mo ti ń ránṣọ ká. Tí wọ́n bá ti pe ìrun, mo máa ń dá ẹ̀rọ dúró kí ariwo rẹ̀ má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò rò pé mò ń kírun ni. Kò sẹ́ni tó bi mí, n kò sì sọ.

Bàbá nìkan ló bi mí. Ọjọ́ Iléyá tó kọjá ni, èmi àti òun jọ ń gé ẹran.

"Jàríátù, ṣé o ń kírun ní Sokodé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ì bá ti tó. Ẹkún ni mo bú sí. "Rárá, Bàbá. N kò gbà á gbọ́ mọ́."

Kàbírù tó wà nítòsí gbọ́ ọ. Bàbá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wọlé lọ. Láti ìgbà náà, tí mo bá kí i, á dáhùn, ṣùgbọ́n kò pe orúkọ mi mọ́. Ìyẹn ni mò ń rò lórí alùpùpù títí mo fi dé ilé wa ní Kambolé: kí ìgbàgbé má gba orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀ kó tó tún pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ìtòsí rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí wọ́n pe Àìlà, oorun ti gbé e lọ lórí àga. Àkànkẹ́, ìyàwó Kàbírù, gbé iyán kalẹ̀, ó fi àwo dé e. Bàbá ta jí.

"Ṣé mo ti kírun?"

"Ẹ ti kí i, Bàbá," ni Kàbírù sọ wéré. "Ẹ wá jẹun, iyán ń tutù."

Bàbá kọjú sí mi.

"Ẹ kò tíì kí i, Bàbá. Oorun lẹ sùn."

Kàbírù wò mí bíi kó gbé mi mì. Mo bu omi sínú búútà, mo ń dà á sí Bàbá lọ́wọ́ títí ó fi ṣe àlùwàlá tán. Ó gun orí awọ àgbò rẹ̀, ó kírun. Gbogbo ìtẹríba rẹ̀ ni mo fi ojú bá lọ. Ó sálámà, ó jókòó díẹ̀, ó tún wojú mi.

"Ṣé mo ti kí i?"

"Ẹ ti kí i. Ráká mẹ́rin pé, kò lé, kò dín."

Kàbírù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kì í kírun ló wá ń jẹ́rìí ìrun!"

Bàbá ti fọwọ́ tẹlẹ̀ láti dìde tún ìrun kí. Ó dúró bẹ́ẹ̀.

"Kàbírù, mo bi í lọ́jọ́ Iléyá. Irọ́ kékeré ni ì bá fi tù mí nínú, kò pa á. Ṣé ìrun ọ̀sán ni yóò wá purọ́ rẹ̀ fún mi?" Ó ká awọ àgbò rẹ̀. "Jàríátù, ṣí iyán."

Mo ṣí iyán, omi lójú mi. Inú mi dùn, ó ti pe orúkọ mi. Bàbá jẹun yó, ó ṣàdúrà fún gbogbo ilé, ó ṣe tèmi náà. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó rọra pè mí.

"Jàríátù, ṣé mo ti ṣàdúrà fún ọ?"

"Ẹ ti ṣe é, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn kò ní iye ráká. Jẹ́ kí n tún un ṣe."

Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì: kí n pẹ́ láyé, kí ojú mi má fọ́ nídìí abẹ́rẹ́, kí ilé má lé mi. Ó dánu dúró, ó ń retí àmín mi. Nígbà tí kò gbọ́ ọ, ó rọra ṣe é fúnra rẹ̀.