Ta Ni Ò Ń Pè ní Wọ́n?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ, ẹ má wulẹ̀ lọ bá ẹni tí ọmọ rẹ̀ yanjú. Ẹni tó ń wo fíìmù ni kí ẹ lọ bá. Ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, ọgbọ́n a máa kún pálọ̀ Àlájà Sẹ̀kínátù ní Alajo, nílẹ̀ àwọn Gá, débi pé ẹni tó bá pẹ́ dé kò ní í rí ibi jókòó. Eré kan ni wọ́n ń wò, tó dá lórí ìdílé Kwáńsà. Kòjó, ọmọkùnrin ilé náà, ti di ẹrú oògùn olóró. Àwọn tó ń ta oògùn ń para wọn, ọlọ́pàá ń wá gbogbo wọn. Àwọn òǹwòran, ní tiwọn, ń dájọ́.

Bàbá Àrówólò, aránṣọ tó háyà yàrá iwájú, kò rí ẹ̀ṣẹ̀ Kòjó ju ṣòkòtò rẹ̀ lọ. Ó ní ọmọ tí ṣòkòtò rẹ̀ ń já wálẹ̀ báyẹn kò lè ṣe kó má jalè, pé ká ní òun ni òun rán an ni, ọ̀rọ̀ ì bá má dà báyìí. Ìyá Láwàlì, tó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ níbi tí àwọn ọkọ̀ iṣu ti ń já ẹrù ní Agbogbloshie, ní ìyá Kòjó ló rọ̀ jù. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà wá fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan péré, kí wọ́n wá wo bí yóò ṣe dá padà. Àlájà fúnra rẹ̀, oníṣòwò aṣọ, kì í sọ púpọ̀. Ṣe ló máa ń wo ojú Kòjó bí ẹni tó ń wo àǹkárá tí wọ́n ti búra pé kì í ṣá.

Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó: òyìnbó ni wọ́n ń sọ nínú eré náà. Àwọn àgbà yìí gbọ́ Twi, wọ́n gbọ́ Gá, wọ́n lè fi Hausa ná ọjà títí tí yóò fi rẹ ẹni tó ń tà á. Ṣùgbọ́n òyìnbó inú fíìmù yẹn ń sáré ju ọkọ̀ èrò trotro tí kò ní bíréèkì lọ. Nítorí náà ni Mùnírátù, ọmọ Àlájà tó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Kokomlemle, ṣe máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí yóò máa túmọ̀.

Kí n má fọ̀rọ̀ gùn: Mùnírátù fẹ́ràn Láwàlì. Ìfẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Irú ìfẹ́ tó wà nínú àwọn ìwé pẹlẹbẹ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni, níbi tí ẹ̀kán omijé méjì obìnrin ti máa ń fọ ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin mọ́ ju ọṣẹ lọ. Láwàlì, ní tirẹ̀, ń mu tírámọ̀, oògùn ìrora tó ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ àdúgbò di ẹni tó ń sùn lórí ìdúró. Mùnírátù mọ̀. Ó ti yẹ àìsàn náà wò, ó sì ti rí i pé àìníyàwó ló fà á.

Ìyá Láwàlì ti wá tọrọ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Àlájà, tí òfófó tírámọ̀ ti ta sí létí díẹ̀díẹ̀, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí eré Kwáńsà yìí parí ná, kí òun rí ibi tí irú wọn máa ń já sí.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Gbogbo ìwà tí Kòjó bá hù, orí ìgbéyàwó Mùnírátù ló ń hù ú sí.

Bí Kòjó ṣe di ọmọlúàbí ní èdè Yorùbá nìyẹn. Nígbà tó jí góòlù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mùnírátù ní ó ń gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kó lè bá a fọ̀ ọ́ ni. Nígbà tí ọlọ́pàá fọ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ní wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ kó wá jẹ́rìí fún ẹnì kan ni, pé ìkánjú ló ń ṣe wọ́n. Nígbà tí Kòjó ń gbọ̀n lórí ibùsùn, tí òógùn bò ó, ó ní ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Bàbá Àrówólò béèrè pé ìfẹ́ ta ni, nígbà tí kò sí ọmọge kankan nínú fíìmù. Mùnírátù ní ọmọge náà rìnrìn àjò.

Ìyá Kòjó ńkọ́? Kò sí ọmọ tó lóye tí yóò bú ìyá ọkọ nígbà tí ìyá ọkọ jókòó sí pálọ̀. Ṣe ni Mùnírátù fi oyin sí i lẹ́nu. Àdúrà ló ń gbà láàárọ̀, àdúrà ló ń gbà lálẹ́, kódà nígbà tó ń pariwo mọ́ aládùúgbò rẹ̀, àdúrà náà ni. Kò pẹ́ tí Ìyá Láwàlì gbàgbé pé òun ti sọ pé obìnrin náà rọ̀ jù. Ó ń lu àyà, ó ń sọ pé, "Èmi gan-an nìyí."

Nígbà tí ọjọ́ tí eré máa parí pé, Àlájà ti rọ̀. Ó ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá Láwàlì máa ń jẹ kẹ́ńkè, àwọn ìyá kì í sì í béèrè ohun tí àlejò lásán ń jẹ. Ọkàn Mùnírátù ń fò bí ẹyẹ. Ìgbà náà ni Phoebe wọlé.

Phoebe ni nọ́ọ̀sì ọmọ Gá tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ẹnu iṣẹ́ ló máa ń wà ní Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní ìsinmi lọ́jọ́ yẹn. Ó gbọ́ òyìnbó tinú tẹ̀yìn. Nima, láàárín àwọn Ànàgó, ló sì dàgbà sí, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá ju bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó gbé ẹ̀pà rẹ̀ dání, ó jókòó ti Mùnírátù pẹ́kípẹ́kí.

Irọ́ àkọ́kọ́ tí Mùnírátù pa lọ́jọ́ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ẹ̀pà fi dúró lọ́wọ́ Phoebe. Phoebe wò ó. Ó rọra fi Twi bi í bóyá fíìmù kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Láti ìgbà yẹn lọ, òtítọ́ pọn dandan, ẹnu Mùnírátù sì korò bí ewúro.

Ibẹ̀ ni eré ti dé ojú rẹ̀. Ọlọ́pàá kan àti ìyá Kòjó jókòó kojú ara wọn nídìí tábìlì. Ọlọ́pàá sọ gbólóhùn kan, ìyá Kòjó bú sẹ́kún. Mùnírátù gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: obìnrin tó fi oyin sí lẹ́nu láti ọjọ́ yìí ló ń ta oògùn náà. Phoebe ń wò ó. Gbogbo pálọ̀ ń béèrè pé kí ni wọ́n sọ. Mùnírátù bá sá sábẹ́ ibòji kan ṣoṣo tí Yorùbá gbìn fún irú rẹ̀.

"Wọ́n ní wọ́n ń tà á," ó ní. "Ó ti pẹ́. Wọn ò mọ̀ pé ó máa dọ́wọ́ Kòjó."

Phoebe mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àlájà kẹ́dùn, ó ní ayé ti bàjẹ́. Bàbá Àrówólò ṣépè fún wọn, àwọn ọmọ ìta oníṣòkòtò jíjá wálẹ̀. "Wọ́n" ni ọ̀pọ̀ èèyàn tí a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n "wọ́n" náà ni ìyá tó bí ni.

Ìyá Láwàlì gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Mùnírátù, ta ni ò ń pè ní wọ́n?"

"Màmá, inú fíìmù ni."

"Má pè mí ní fíìmù. Láwàlì ló sọ fún ẹ, àbí?"

Mùnírátù kò tíì dáhùn tí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní òun kò ta tírámọ̀ fún ọmọ òun rí. Àwọn tó ń já iṣu lórí ọkọ̀ ló ní kí òun máa bá àwọn wá a, nítorí ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n, òun sì kó o sínú agolo Máílò láàárín ọjà òun. Láwàlì a máa bá òun jókòó ti ọjà. Nígbà tí òun rí i pé ohun inú agolo ń dín, òun pààrọ̀ agolo.

Agolo ló pààrọ̀. Kò pààrọ̀ òwò.

Ìpolówó ọṣẹ ìfọyín gba ojú tẹlifíṣọ̀n. Ìdílé kan tí eyín wọn pé ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn.

Nínú ìwé abẹ́ ìrọ̀rí, ibí ni ọmọge máa ń dìde tí yóò di ọwọ́ ìyá ọkọ mú. Mùnírátù dìde. Ó ní bí àwọn bá ti fẹ́ra tán, òun mọ̀ pé ìfẹ́ òun yóò...

"Ìwọ, jókòó," Àlájà ní. "O ti túmọ̀ tó."

Ó yíjú sí Phoebe, ó fi Twi bẹ̀ ẹ́ kó sọ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Phoebe sọ ọ́. Ní Twi, góòlù kò dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kankan, ẹnikẹ́ni kò sì rìnrìn àjò. Àlájà fetí sí gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí Phoebe parí, Àlájà sọ fún Ìyá Láwàlì pé òun kò lè fi ọmọ òun fún Láwàlì báyìí, kí wọ́n má sì bínú. Kí wọ́n gbé agolo náà wá lọ́la, àwọn méjèèjì yóò jọ dà á sí ṣáláńgá. Lẹ́yìn náà ni àwọn yóò mú Láwàlì lọ síbi tí Phoebe bá júwe, bí òun yóò tilẹ̀ ti ìsọ̀ òun pa lọ́jọ́ náà.

Ìyá Láwàlì so gèlè rẹ̀. Kò ní ìmọ̀ràn kankan fún ìyá Kòjó mọ́. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Mùnírátù, ọmọge tó rìnrìn àjò yẹn," ó ní. "Ṣé kò sí lóòótọ́?"

Phoebe la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n ó kó ẹ̀pà sí i.

"Ó wà, Màmá," Mùnírátù ní. "Ìyá rẹ̀ ni wọn ò tíì jẹ́ kó wọkọ̀ padà."

Àlájà kò gbójú kúrò lára ìdílé eléyín funfun tó tún ti padà sójú tẹlifíṣọ̀n.

"Wọ́n ń gbọ́ ẹ o," ó ní.